Àpótí Kan Ṣoṣo, Ọjọ́ Mẹ́wàá: Kí Là Ń Ṣe Nídìí Kọ̀ǹpútà Látàárọ̀?

"Àpótí kan ṣoṣo!" Alájì ò bínú o, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lórí fóònù. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ìlọrin, èmi ni mo sì ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ náà fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó. Wọ́n fẹ́ kí n fi àyè kékeré kan kún ojú ìwé tí a ti ń forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, níbi tí èèyàn á ti lè kọ nọ́ńbà fóònù kejì. Mo ní yóò gbà mí ní ọjọ́ mẹ́wàá. "Ọjọ́ mẹ́wàá? Káfíńtà á kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé mi láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ á sì ṣẹ́ kù!"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo kàn ní kí wọ́n má bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe Alájì nìkan ni iṣẹ́ yìí rú lójú. Màmá mi ní Ọmù-Àrán ṣì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé "kọ̀ǹpútà ló ń ṣe," bí ẹni pé èmi ni mò ń tò ó. Onílé mi ní Tanke ṣọ́ mi fún oṣù mẹ́ta gbáko: ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í jáde, tí iná kì í kú ní yàrá rẹ̀ lóru, tó ní laptop méjì. Ẹ mọ ohun tí bàbá yẹn ń rò. Ọjọ́ tí mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí n tó san owó ilé ni ọkàn wọn tó balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpótí Alájì ṣàlàyé, bóyá yóò yé onílé náà pẹ̀lú.

Ètò kọ̀ǹpútà, àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí à ń kọ ọ́ sí ni ìṣòro. Tí ẹ bá rán ọmọ lọ sí Ọjà Ọba pé kó ra ata rodo wá, tí kò bá rí rodo, á ra ṣọ̀ǹbọ̀ tàbí kó pè yín. Kọ̀ǹpútà ò ní pè yín. Á dúró síwájú ìsọ̀ títí ọjà á fi tú, àfi tí ẹ bá ti sọ fún un ṣáájú ohun tí yóò ṣe tí rodo ò bá sí, tí ọjà ò bá ná, tí owó ò bá pé, tí òjò bá ká a mọ́nà.

Ẹ wo nọ́ńbà fóònù fúnra rẹ̀. Mọ́kànlá ni dígíìtì tí à ń kọ ní Nàìjíríà, òdo sì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, òdo iwájú á pòórá, á ku mẹ́wàá. Orí Excel ò dàrú o. Iye ló rò pé ẹ kọ, bí iye owó, lójú ẹni tó bá sì ń ka iye, 0803 àti 803 kò yàtọ̀, bí ₦0500 kò ṣe yàtọ̀ sí ₦500. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un pé èyí kì í ṣe iye, orúkọ ni, dígíìtì la kàn fi kọ ọ́. Ẹ ò kúkú lè ro nọ́ńbà Alájì pọ̀ mọ́ tèmi kí ẹ rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Orúkọ gan-an ńkọ́? Ìlọrin la wà. Nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, mo bá Sulaiman, Suleiman, Sulyman àti Suleman. Bàbá kan fi ọ̀kan forúkọ sílẹ̀, wọ́n fi òmíràn gba ẹ̀yáwó, wọ́n sì ń bi mí ìdí tí owó wọn ò fi bára mu. Lẹ́tà Yorùbá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Ọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀fà. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí àyè ẹyọ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Èèyàn lè mú Ọ tí àmì ti wà nídìí rẹ̀, kó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ó lè mú Ò tí àmì ohùn ti wà lórí rẹ̀, kó fi àmì sí i nídìí. Ó sì lè tẹ O lásán, kó wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Ojú èèyàn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà ń yà wọ́n. Ẹ wá Ọ̀fà nínú àkọsílẹ̀, ó ní òun ò mọ ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó ṣe pé ogún èèyàn ló kọ ọ́ síbẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà: kí a yí gbogbo rẹ̀ sí ìrísí kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ìlà kan ṣoṣo ni nínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà. Kí n tó mọ̀ pé ìlà yẹn ni mo nílò, ilẹ̀ ti ṣú.

Síbẹ̀, òdo àti Ọ̀fà kọ́ ló gba ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ètò náà ti wà ní Kánádà báyìí. Nígbà tó ń kọ ọ́, ó ní láti yan ohun kan tí a ó fi máa dá ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí ẹni méjì ò sì ní jọ ní. Orúkọ ò ṣe é gbára lé, ẹ ti rí ìdí. Ó wá mú nọ́ńbà fóònù. Mi ò bá a wí. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé èèyàn méjì ń jọ lo nọ́ńbà kan ni? Wọ́n ń lò ó o. Ìyá tí kò ní fóònù á fi nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Tọkọtaya á jọ máa lo ẹyọ kan. Ẹlòmíràn á pa láìnì rẹ̀ tì, ilé iṣẹ́ fóònù á gbà á padà tó bá pẹ́, wọ́n á tà á fún ẹni tí kò mọ ẹgbẹ́ rí, onítọ̀hún á sì máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó òun ti wọlé.

Nítorí náà, nọ́ńbà fóònù nínú ètò yìí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù. Òun ni èèyàn náà. Òun ni okùn tí wọ́n so owó ìfipamọ́ mọ́, tí wọ́n so ẹ̀yáwó mọ́, tí wọ́n so onídùúró mọ́. Tí mo bá wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹnì kan lè ní nọ́ńbà méjì, ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹnì kan lè jẹ́ ẹni méjì. Èwo nínú wọn ló wá jẹ gbèsè?

Mo wá gbogbo ibi tí wọ́n ti lo nọ́ńbà náà nínú kóòdù: ibi mọ́kànlélógójì. Mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì mo rí i pé ìrísí mẹ́rin ni nọ́ńbà ní nínú àkọsílẹ̀: èyí tó ní òdo níwájú, èyí tí òdo rẹ̀ ti bọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234, àti èyí tó ní +234. Nọ́ńbà mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹnì kan fi lẹ́tà B sí nídìí. Mo ní kí ló kan ìdọ̀tí báyìí. Mo kọ àṣẹ kékeré kan tí yóò fọ gbogbo rẹ̀ sí ìrísí kan lóru ọjọ́ náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi ní kí n kọ́kọ́ pe akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Háà! Ọmọ mi, má fọwọ́ kàn án o," ni màmá akọ̀wé wí. "Èyí tó ní òdo, ọkọ ló ni ín. Èyí tó ní pọ́lọ́ọ̀sì, ìyàwó ni. Ìyàwó kejì ló ni B."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ètò náà kọ̀ láti gba nọ́ńbà kan fún ẹni méjì, akọ̀wé sì ní èèyàn méjì níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù kan. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó dọ́gbọ́n. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà, ó yé e dáadáa, kò sì sí níbì kankan nínú kóòdù. Ká ní mo tẹ àṣẹ mi lóru ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ì bá mọ́ bá ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ti di ẹyọ ènìyàn kan ṣoṣo, tí gbèsè ọkọ ti jẹ owó ìyàwó. Ẹ ro ariwo tí ì bá sọ ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ní gbogbo ọjọ́ méjì yìí, mi ò tíì kọ nǹkan kan tó wúlò. Mo ń kà, mo ń béèrè. Kíkọ ni aráyé ń pè ní iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn kọ là ń kà jù, àti ohun tí àwa fúnra wa kọ lọ́dún tó kọjá tí a ti gbàgbé.

Ẹ ronú agboolé àtijọ́ kan ní Àlànàmú tàbí Gàmbàrí. Bàbá àgbà kọ́ yàrá mẹ́rin, àwọn ọmọ fi mẹ́fà kún un. NEPA dé, wọ́n fa wáyà. Ọmọ kan ra fíríìjì, ó fa tirẹ̀ láti yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Súwíìṣì kan wá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó tàn, kò sí ohun tó kú. Ta ló máa yọ ọ́? Wọ́n lè yọ ọ́ lónìí kí ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́yìnkùlé má ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́la. Wọ́n á fi í sílẹ̀. Kóòdù tó ti pẹ́ kún fún irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀.

Ó sì lè pa ilé run. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tuntun jáde. Server mẹ́jọ, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ló yẹ kí wọ́n fi sí. Méje ló dé, wọ́n fo ọ̀kan. Ètò tuntun náà sì ń lo àmì kan tí ètò àtijọ́ kan ti lò rí, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọdún pípẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò yọ kúrò nílẹ̀. Lórí server kẹjọ yẹn, àmì náà jí òkú dìde. Òkú ń rà, òkú ń tà, kò dúró. Kí wọ́n tó ká a lọ́wọ́ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ, ilé iṣẹ́ náà sì ti pàdánù ohun tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó máa di 2013, ó ti dà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ní 1992, Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ló fún irú kóòdù tí a fi sílẹ̀ láìtún ṣe bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo wa ń pè é: gbèsè. Ó ní kóòdù tí a kọ́kọ́ gbé jáde dà bí owó tí a yá. Gbèsè díẹ̀ kò burú, ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá, bí a bá tètè padà wá san án nípa títún un kọ. Bí a ò bá padà wá, gbogbo ìṣẹ́jú tí a bá ń fi bá kóòdù tí kò gún régé yẹn wọ̀yá ìjà, èlé ni.

Mo ṣàlàyé èyí fún Alájì. Ẹgbẹ́ wọn kì í gba èlé, wọn kì í san èlé. Ribà ni, èèwọ̀ ni. Inú wọn ò dùn láti gbọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà wọn ti ń san èlé láti ọdún mẹ́fà.

"Ta ló yá owó ọ̀hún?"

"Ẹgbẹ́ ni, sà. Wọ́n ní dandan kó parí kí ààwẹ̀ tó wọlé."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní àwọn á fún mi ní ọmọ méjì tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kí iṣẹ́ lè yá, ó ṣe tán, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe náà dára, ibí yìí ni kò bá a lọ. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ lórí OS/360, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM láàárín àwọn ọdún 1960, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1975 pé bí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà bá ti ń pẹ́, fífi èèyàn kún un á tún mú kó pẹ́ sí i. Ẹni tuntun ò mọ ọ̀rọ̀ ọkọ, ìyàwó àti B. Èmi ni mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti sọ fún un. Bí a bá jẹ́ mẹ́ta, ojú ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín wa. Bí a bá di mẹ́wàá, ojú ọ̀nà 45.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mi ò rí kà nínú ìwé kankan, bóyá nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ àwọn ìwé náà. Ní ibi iṣẹ́ tó bá létò, kóòdù ẹnikẹ́ni kì í jáde kí ẹlòmíràn tó kà á, kó sì sọ ibi tó kù sí. Ọmọdé á máa ka ti àgbà. Ní ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ní oṣù kìíní mi, wọ́n ní kí n ka kóòdù tí àwọn fúnra wọn kọ, mo rí àṣìṣe níbẹ̀ kedere: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbedeméjì, ètò náà á tún owó yọ. Mo wò ó, mo wo irun funfun orí wọn. Mo kọ ọ́ sí i pé "Ó dára, sà." Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n yọ owó àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá pè mí. "Ṣé o rí i?" Mo ní mo rí i. "Kí ló dé tí o ò sọ?" Mo ní mi ò fẹ́ rí wọn fín. Wọ́n wò mí títí. "Ẹni tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn ńkọ́, ta ló rí i fín?"

Láti ọjọ́ náà mo kọ́ bí a ṣe ń béèrè. N kì í sọ pé "ẹ ṣe àṣìṣe níbí". Mo máa ń kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí iná bá lọ láàárín ìlà yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ ta ni owó náà máa wà?" Àgbà á ka ìbéèrè náà, á fọwọ́ bo ẹnu, á tún un ṣe. Àwọn òyìnbó tí mo ti bá ṣiṣẹ́ máa ń sọ tiwọn gbàgà. N kò sọ pé tiwọn ò dára, ṣùgbọ́n tiwa náà ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí a lè jọ jẹun ọ̀sán.

Ọ̀gá yìí kan náà ni mo ṣẹ̀ jù láyé mi. Oníbàárà wa kan ń gba àjọ ní Ìpàtà. Ìyá kan tó ń ta wàrà níbẹ̀ pààrọ̀ láìnì rẹ̀, wọ́n ní kí n yí i padà. Apá méjì ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní: apá kìíní sọ ohun tí a fẹ́ yí, apá kejì sọ ti ẹni tí a fẹ́ yí. Mo kọ apá kìíní, ọwọ́ mi sì ṣèèṣì kan Enter kí n tó kọ èkejì. Kọ̀ǹpútà ò bi mí pé ti ta ni. Ó yí ti gbogbo wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ jáde, ìyá oníwàrà nìkan ló ń gba ti gbogbo ọjà. Wọ́n pè wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi, àbí kí lèyí?" Òógùn bò mí. Ẹ̀dà alẹ́ àná tí a fi pamọ́ ló yọ mí, mo sì fẹsẹ̀ ara mi lọ sọ fún ọ̀gá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ tí o fi lè wọ ibẹ̀ tààrà?" Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi nígbà náà." Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, àti lọ́wọ́ ara wọn. Mo ti rí ibi iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti lé ẹni tó ṣe irú rẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn tó kù kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́.

Àwọn ọmọ àbúrò máa ń pè mí láti Ọ̀fà àti Ọ̀rọ̀ pé báwo ni àwọn ṣe máa wọ iṣẹ́ yìí, ṣé lóòótọ́ ni pé dọ́là ni wọ́n ń san, ṣé kò tíì pẹ́ jù báyìí tí ẹ̀rọ ti ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀. Wọ́n ń san dọ́là fún àwọn kan, náírà fún púpọ̀. Ní ti ẹ̀rọ, èmi náà ń lò ó, ó sì yára ju ọwọ́ mi lọ. Ó lè kọ àpótí Alájì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n màmá akọ̀wé kò sí nínú rẹ̀, kò sì pè wọ́n. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ láìbú u, kí wọ́n sì ní inverter.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo parí, kì í ṣe ìkẹwàá. Mo fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú fóònù. Mo já okùn kúrò ní ibi mọ́kànlélógójì, mo tún un so. Èmi àti màmá akọ̀wé jókòó fún ọ̀sán méjì, a ya ọkọ kúrò lára ìyàwó, a yọ B. Àpótí fúnra rẹ̀ gbà mí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Alájì ló kọ́kọ́ dán an wò, lójú mi, ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n wọ jígí, wọ́n fi ìka kan tẹ nọ́ńbà wọn sí àyè àkọ́kọ́. Ní àyè kejì, wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ pè mí lórí ti òkè."

Ètò náà gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé kó má gbà á.